Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára wà tó lè gba ọmọ àgùntàn lọ́wọ́ aràn?

Ẹlẹ́ran Ìpẹru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹran. Àwọn ọmọ àgùntàn tó wà láàárín oṣù 2 sí oṣù 5 ló ń kú jù lọ́dọ̀ wa lásìkò òjò yìí. Wọ́n á kọ́kọ́ máa rù, inú ìpéǹpéjú wọn á funfun báláú, abẹ́ àgbọ̀n wọn á wú, nígbà tó bá yá ilẹ̀ á mọ́ a ó bá òkú. Gbogbo ènìyàn ní aràn ni. Ẹnìkan tó ń ta oògùn ẹran wá sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un, aràn ò sì ní bá ẹran yẹn jà mọ́ títí ayé rẹ̀. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, kò sí àjẹsára aràn níbi kankan láyé. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n, àwọn méjèèjì ló ṣì í sọ.

Àjẹsára aràn wà. Fún aràn inú ikùn àgùntàn, ọ̀kan ṣoṣo ló wà lọ́jà: Barbervax ni wọ́n ń pè é. Ilé ìwádìí Moredun ní Scotland pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìpínlẹ̀ Western Australia ló jọ ṣe é, ó sì bọ́ sọ́jà ní Ọsirélíà ní 2014. Ní South Africa, Wirevax ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Aràn kan péré ló ń bá jà, ìyẹn Haemonchus contortus, aràn amùjẹ̀ tó ń gbé inú ikùn kẹrin àgùntàn. Àwọn àpẹẹrẹ tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ìpéǹpéjú funfun àti àgbọ̀n wíwú, òun gan-an ni wọ́n ń júwe.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan títí ayé níbẹ̀. Ìgbà 3 lèèyàn máa gún un kí ó tó mú, kí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 wà láàárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n á máa gún un títí àsìkò aràn á fi kọjá. Mílì (mililítà) 1 ni, sábẹ́ awọ ọrùn. Ọmọ àgùntàn tó bá gba méjì péré, bíi ẹni tí kò gbà rárá ni.

Èyí tí wọ́n ń kiri fún yín, ó jọ pé àjẹsára kata ni, àrùn fáírọ́ọ̀sì àgùntàn àti ewúrẹ́ tí wọ́n ń pè ní PPR. Ẹ gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn, ẹ ka ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí "PPR" tàbí "Nigeria 75/1", kata ni. Láti ara ewúrẹ́ kan níbí ní Nàìjíríà ni wọ́n ti mú irú fáírọ́ọ̀sì yẹn ní 1975, NVRI, ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, sì ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Tiẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan tí agbára rẹ̀ ń tó ọdún 3 ó kéré tán. Ó dára púpọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gún un. Ṣùgbọ́n aràn kankan kò ní tìtorí rẹ̀ kú.

* * *

Alágbò Ṣágámù

Dókítà, ẹ má bínú o. Kí ló dé tí ti kata fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, tí ti aràn wá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà? Ṣé kí wọ́n lè máa gba owó lọ́wọ́ wa ni?

* * *

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Rárá o. Bí aràn yẹn ṣe ń jẹun ló fà á.

Inú ìfun aràn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yọ èròjà tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Bí wọ́n bá gún un fún àgùntàn, ẹ̀jẹ̀ àgùntàn á pèsè èròjà agbóguntàrùn. Aràn á mu ẹ̀jẹ̀ yẹn bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀, á sì gbé ohun tó máa pa á mì. Èròjà náà á lẹ̀ mọ́ ìfun rẹ̀, oúnjẹ kò ní dà mọ́, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ẹyin tó ń yé á já wálẹ̀ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì kú. Ìdí nìyẹn tí aràn tí kì í mu ẹ̀jẹ̀, irú bíi Trichostrongylus, kò fi bìkítà fún un.

Nígbà tí àgùntàn bá kó aràn nínú koríko, ara rẹ̀ kì í rí inú ìfun aràn. Kò sí ohun tó máa rán an létí ohun tí abẹ́rẹ́ kọ́ ọ, agbára náà á sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwa la ó máa fi abẹ́rẹ́ rán an létí. Ti kata yàtọ̀: fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni, ó wà láàyè, ó ń pọ̀ sí i fúngbà díẹ̀ nínú ara ẹran, ara á sì mọ̀ ọ́n mọ́ni.

Ohun mìíràn tó tún sọ ọ́ di ọ̀wọ́n ni pé wọn ò tíì rí i ṣe nínú ìkòkò ní ilé ìwádìí kó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àgùntàn ni wọ́n ń kó aràn sí lára, wọ́n á pa á, wọ́n á ṣa aràn náà nínú ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ èròjà. Ó kàn jẹ́ pé ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ni abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò, máíkírógíráàmù 5.

* * *

Ọlọ́sìn Òdógbólú

Ká ní wọ́n tiẹ̀ gbé e dé Ìjẹ̀bú lọ́la, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní March, ó ń sinmi díẹ̀ ní August, ó tún ń padà títí di ìparí October. Bí a bá gún èkíní ní ìbẹ̀rẹ̀ March, ẹ̀ẹ̀kẹta á bọ́ sí ìparí April. Lẹ́yìn náà, June, July, September, October. Abẹ́rẹ́ 7 fún àgùntàn kan láàárín òjò kan, láti dènà aràn kan ṣoṣo. Àti pé láti March sí April kò tíì sí ààbò, oògùn aràn lẹ ó ṣì fi gbé e.

Inú fìríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Ẹni tó bá ti gbé yìnyín sínú kúlà kó lè gbé oògùn láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìjẹ̀bú-Igbó mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ìgò bá fara kan yìnyín gan-an, ó lè bàjẹ́. Bí iná ò bá sí fún ọjọ́ méjì, ó lè ti bàjẹ́.

Èrò tèmi ni pé ká yéé wá abẹ́rẹ́ kiri. Ká fún gbogbo wọn ní oògùn aràn lóṣooṣù, ó parí.

* * *

Ìyá Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àwa tí a ń sin àgùntàn ìbílẹ̀ kúkúrú wọ̀nyí ò ra oògùn oníṣòwò. Kóró ìbẹ́pẹ tí a sá gbẹ, ewé dóńgóyárò, ewúro, iyọ̀ díẹ̀. Wọ́n ń yè. Àti pé nígbà tí aràn bá ń ṣe ẹran, ìgbẹ́ gbuuru là ń rí. Àwọn tí ẹ̀gbọ́n Ìpẹru sọ yìí, kò sọ pé wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ṣé ó dájú pé aràn ni?

* * *

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá, ìbéèrè yín yẹn gan-an ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹran. Aràn amùjẹ̀ kì í sábà mú ìgbẹ́ gbuuru wá. Ìgbẹ́ á wà ní wóróworo, ẹran á ṣì máa jẹun, olówó á ní kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń tán lára rẹ̀. Aràn kan ń gba tó mílì 0.05 nínú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Ká ní 1,000 ló wà nínú ikùn, mílì 50 nìyẹn lóòjọ́ lára ọmọ àgùntàn tí kò ju kílò 8 lọ. Abo kan sì lè yé ẹyin 5,000 sí 10,000 lójúmọ́. Nínú ooru àti ọ̀rinrin tiwa, kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí èyí tó pa nínú ìgbẹ́ á ti gun orí koríko, tí á dúró de ẹnu ẹran. Bí ó bá sì ti wọlé, ọ̀sẹ̀ 3 ló máa fi dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin tiẹ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru lára ọmọ àgùntàn ọ̀sẹ̀ 3 sí oṣù 4, pàápàá tó bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ẹ kọ́kọ́ fura sí kọ́ksì (coccidiosis), àrùn ìfun tí kòkòrò tíńtín tí ojú kò lè rí ń fà. Aràn kọ́ ni kọ́ksì, oògùn aràn kò sì ràn án. Amprolium tàbí oògùn sulfa ni, fún ọjọ́ mélòó kan gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ṣe wọ̀n ọ́n, kí ilẹ̀ ilé ẹran sì gbẹ. Kò sí àjẹsára kọ́ksì fún àgùntàn. Ti adìyẹ ló wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Ìyẹn àwọn nǹkan funfun bí hóró ìrẹsì tí ẹ ń rí nínú ìgbẹ́? Aràn pẹlẹbẹ ni, Moniezia. Ojú ló ń dẹ́rù bà, kì í sábà pa ẹran. Èyí tó ń pani, ẹ ò ní fojú rí i nínú ìgbẹ́ láéláé.

Ní ti ewé, èmi ò bú u. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ iye kóró ìbẹ́pẹ tó kájú kílò kọ̀ọ̀kan lára àgùntàn. Bí ìpéǹpéjú bá ti funfun, ẹ má fi àkókò ẹran yẹn dán ewé wò. Ohun tí mo gbà pé ó ń gba àgùntàn kúkúrú yín là jù ni ìran rẹ̀ fúnra rẹ̀: ó máa ń fara da aràn amùjẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìran mìíràn lọ. Ẹni tó bá kó Yankasa tàbí Balami, àwọn ìran àgùntàn òkè Ọya, wá gbọ́dọ̀ ṣọ́ ojú wọn ju bí Ìyá ṣe ń ṣọ́ tiẹ̀ lọ.

* * *

Ẹlẹ́ran Ìpẹru

Dókítà, "ẹ ṣọ́ ojú," báwo la ṣe ń ṣe é? Gbogbo ojú àgùntàn ló jọra lójú wa.

* * *

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ẹ má ṣe é nínú ilé ẹran, ẹ má sì lo tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi àtàǹpàkò kan ti ìpéǹpéjú òkè sílẹ̀ díẹ̀ bíi pé ẹ fẹ́ pa ojú náà dé, ẹ rọra tẹ ẹyin ojú díẹ̀, kí àtàǹpàkò kejì wá fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Ẹran ara inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ á yọ síta, òun lẹ ó wò. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i á máa pọ́n, á tàn yín. Ojú méjèèjì ni kí ẹ wò. Èyí tó bá funfun jù ni kí ẹ gbà.

Káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní FAMACHA, South Africa ni wọ́n ti ṣe é, àwọ̀ 5 ló wà lára rẹ̀. 1 pọ́n wẹ̀ẹ̀, 2 pọ́n díẹ̀, 3 jẹ́ àwọ̀ ara tó ń pa pupa rẹ́, 4 ti ń funfun, 5 funfun bíi bébà. Àgbà tó ti yó dáadáa, 4 àti 5 là ń fún ní oògùn. Ọmọ àgùntàn àti abo tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú, láti 3 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lásìkò òjò, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa wò ó.

Bí ẹ bá bá 5 nínú ọmọ àgùntàn, ẹ má lé e kiri ọgbà. Ẹ̀jẹ̀ tó kù lára rẹ̀ kò tó eré sísá, ọwọ́ yín ló máa kú sí. Ẹ jẹ́ kó wà lójú kan, ẹ bá a níbi tó dúró sí.

* * *

Alágbò Ṣágámù

Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ oògùn lóṣooṣù tí wọ́n sọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe ní ọ̀nà Fálàwo níbí. Kí ló burú níbẹ̀?

* * *

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ó burú, mo sì fẹ́ ká ja ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro wà.

Oògùn tí ẹ bá fún gbogbo ẹran á pa aràn tó rọ, á dá èyí tó le sí. Bí gbogbo wọn bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyin àwọn tó le nìkan ló máa bọ́ sórí koríko lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, aràn tó kù lọ́gbà yín ò ní mọ albendazole lóògùn mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹran tí ojú rẹ̀ funfun nìkan lẹ fún, àwọn tó kù á ṣì máa ju ẹyin aràn tó rọ sílẹ̀, wọ́n á bá tó le pàdé, wọ́n á sì lú u pọ̀.

Èkejì ni ìwọ̀n. Ẹ lọ wo ìgò albendazole yín báyìí. Òmíràn jẹ́ 2.5%, òmíràn 10%. Mílígíráàmù 5 fún kílò kan ni ti aràn roboto, irú èyí tí aràn amùjẹ̀ jẹ́. Ọmọ àgùntàn kílò 8 nílò mílígíráàmù 40. Nínú 2.5%, mílì 1.6 nìyẹn, nínú 10%, mílì 0.4 péré. Èmi ò mọ iye èèyàn tó ń fi ìdérí ìgò wọn ọ́n láì ka ara rẹ̀. Òmíràn á ro ìlọ́po mẹ́rin fún ọmọ. Òmíràn á fún abo kílò 24 ní mílì 2 nínú 2.5%, nígbà tó yẹ kó gba mílì 4.8, kò pa aràn, ó kàn kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni.

Ivermectin 1%, mílì 1 fún kílò 50, sábẹ́ awọ. Kílò 8 ń gba mílì 0.16, nítorí náà sírínjì mílì 1 ni kí ẹ lò, ẹ má lo ti mílì 5. Kò ran aràn pẹlẹbẹ, kò ran kọ́ksì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ó ń pa gbogbo nǹkan. Levamisole, mílígíráàmù 7.5 fún kílò kan, ẹ má ṣe ju ìyẹn: bó bá pọ̀, ẹran á máa da itọ́, á máa gbọ̀n, ó sì lè kú. Ẹ má fún abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún ní albendazole.

Òṣùwọ̀n tí a ń so kọ́ àjà òrùlé wà lọ́jà. Ẹ gbé ọmọ àgùntàn sínú àpò, ẹ so ó kọ́. Bí kò bá sí, ẹ gbé e dání lórí òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn, ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò.

* * *

Ọlọ́sìn Òdógbólú

Mo gbà pé lóṣooṣù kò dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: bí ẹ ṣe ń ro ó sẹ́nu ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ń gbé orí ẹran sókè bíi ẹni tó ń ro àgbo fọ́mọ. Oògùn lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹran á kú lọ́jọ́ náà tàbí kó ní ikọ́. Kí orí wà ní títọ́, ẹnu sírínjì gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu níbi tí eyín ò sí, kó kọjá ẹ̀yìn ahọ́n, kí ẹ sì rọra tì í. Bí ó bá dúró ní iwájú ẹnu nìkan, oògùn lè fo ikùn àkọ́kọ́ dá, á gba ara kọjá kíákíá, kò ní ṣiṣẹ́ tó.

Kí a tó dá oògùn lẹ́bi, ká gbé ìgbẹ́ lọ yẹ̀ wò. Inú ìdí ẹran ni kí ẹ ti mú un, ní tútù, ẹ má ṣà á nílẹ̀. Ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ gbé e sínú kúlà. Ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, tàbí ti Yunifásítì Ìbàdàn lè ka ẹyin aràn inú rẹ̀. Ẹ kà á lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ fún wọn lóògùn, ẹ tún kà á ní ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹyin kò bá dín tó 95%, oògùn náà ti ń kùnà lọ́gbà yín, ẹ yí irú rẹ̀ padà. Irú rẹ̀ o, kì í ṣe orúkọ tó wà lára ìgò: albendazole àti fenbendazole, ìdílé kan náà ni wọ́n.

* * *

Ìyá Àgọ́-Ìwòyè

Àbí ẹ ti gbàgbé àgbò Iléyá? Ọkọ̀ á kó wọn wá láti òkè Ọya, a ó so wọ́n mọ́ ẹ̀bá àgùntàn wa, gbogbo ìlú á máa múra Ojúde Ọba. Lẹ́yìn oṣù kan, àwọn ọmọ àgùntàn tiwa á bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

* * *

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ rántí. Àgbò tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún ọ̀sẹ̀ 3, níbi tí ìgbẹ́ rẹ̀ kò ti ní dé ibi tí tiyín ń jẹ. Kata àti aràn tó ti mọ oògùn, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá wá. Àgbò tí ẹ fẹ́ pa, ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò kí ẹ tó fún un lóògùn. Bí wọ́n bá ní ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èèyàn tó jẹ ẹran náà, tí Iléyá sì ku ọjọ́ 5, ẹ fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá pa á, ẹ má jẹ́ kí alápatà da ikùn nù. Ẹ wá ikùn kẹrin, èyí tó tẹ̀lé ṣàkì àti àwọn yòókù, tó so mọ́ ìfun. Ẹ là á kí ó tó tutù. Aràn tinrín tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lẹ ó rí, tí pupa àti funfun lọ́ pọ̀ lára rẹ̀ bí òwú aláwọ̀ méjì. Pupa yẹn, ẹ̀jẹ̀ ẹran ni nínú ìfun rẹ̀. Funfun, ilé ẹyin rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ mọ ohun tó ti ń bọ́ sórí koríko yín láti ọjọ́ tí ó dé.

* * *

Ẹlẹ́ran Ìpẹru

A ti gbọ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ aràn kò sí nítòsí, kí ni ká ṣe fún ọmọ tí wọn ò tíì bí, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ aràn?

* * *

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ara ìyá rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìbímọ títí di ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn rẹ̀, agbára abo máa ń rọ̀, ẹyin aràn á sì tú jáde nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Koríko tí ọmọ máa kọ́kọ́ jẹ ló ń bà jẹ́ yẹn. Ẹ wo ojú rẹ̀ lásìkò yẹn. Ẹ fún un ní oúnjẹ tó ní púrótéènì: àgúnmánìyè tútù, ẹ̀pa tàbí sóyà tí a ti fún òróró rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń jáde nídìí gààrì wa dáa, ṣùgbọ́n kí ẹ sá a gbẹ dáadáa, ìwọ̀nba púrótéènì ló sì ní, kò lè dá gbé abo tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ ṣọ́ra fún PKC, ekùrọ́ tí a ti fún òróró rẹ̀: kọ́pà inú rẹ̀ pọ̀, àgùntàn kì í lè tú u dànù bí màlúù, ó lè pa á lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ẹ ti ń fún un lójoojúmọ́. Oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ àti ti adìyẹ náà, bákan náà.

Aràn orí koríko kì í sábà gòkè ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 lọ. Ewé igi tí ẹ já tí ẹ so kọ́ ògiri mọ́ tónítóní. Èyí tó burú jù ni síso ẹran mọ́ ojú kan lójoojúmọ́ tí á máa jẹ koríko kúkúrú lórí ìgbẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní ilẹ̀, kí ó pín in, kí ẹran má jẹ apá kan ju ọjọ́ 3 sí 4 lọ, kí ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀.

* * *

Alágbò Ṣágámù

Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn: ṣé a lè fún wọn lóògùn aràn lọ́jọ́ kan náà tí a gún àjẹsára kata?

* * *

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Oògùn aràn kì í ba àjẹsára kata jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹran tí aràn ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán kò ní agbára láti gba àjẹsára dáadáa. Ẹ yẹ ojú wọn wò, ẹ fún àwọn tó yẹ lóògùn, kí ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó gún ti kata. Ọmọ tó bá ṣì wà lábẹ́ oṣù 3 sí 4, ohun tó mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ tó ti gba àjẹsára á dí i lọ́wọ́, ẹ dúró díẹ̀. Ìyẹ̀fun ni oògùn náà ń wá. Bí wọ́n bá ti pò ó, kí ó wà nínú yìnyín, kí ẹ lò ó lójú ẹsẹ̀, kí ẹ da ìyókù nù. Mílì 1, sábẹ́ awọ, abẹ́rẹ́ mímọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.